Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Iṣẹ́ Tí Àṣetúnṣe Ń Ṣe Fún Ọmọ Kí A Tó Ní Kó Jáwọ́ Nínú Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú làálàá. Sáà tuntun ti dé tán. Àwọn òbí ń ra bàtà àti báàgì, àwọn tíṣà ń pín kíláàsì. Lára àwọn ọmọ tí yóò jókòó síwájú wọn, a sábà máa ń rí èyí tí kì í yé mi ara síwá sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, èyí tó ń ju ọwọ́ méjèèjì fìrì fìrì, èyí tó ń to ìdérí ìgò sí ìlà kan ṣoṣo títí agogo ìparí yóò fi lù, àti èyí tó ń bèèrè ìbéèrè kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sílé. Àwọn kan á ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. A kọ lẹ́tà yìí fún tíṣà tó fẹ́ ṣe ohun tó dára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀nà hàn án.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju ọ̀kan lọ: ìṣesí àṣetúnṣe máa ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọmọ tó ń ṣe é. Bí a kò bá tíì mọ iṣẹ́ náà, pàbó ni gbogbo ohun tí a bá ṣe láti dá a dúró yóò máa já sí. Nígbà mìíràn, ńṣe la ó tilẹ̀ máa dá kún un.

Kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ ọdún méjì tó ní kí wọ́n kọ orin kan fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní àrùn kankan. Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ nǹkan nìyẹn. Ọmọ tí kò ríran dáadáa lè máa fi ìka tẹ ẹyinjú rẹ̀ ṣáá. Àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe pọ̀, èyí tí dókítà Leo Kanner kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, la ti máa ń rí àṣetúnṣe jù, nítorí ó wà lára àmì tí àwọn dókítà fi ń dá ọ́tísìmù mọ̀. Àmọ́ ohun méjì wà tó jọ àṣetúnṣe, tí tíṣà kò sì gbọ́dọ̀ ṣì mú.

Èkíní ni oríṣi wárápá kan tí kì í gbé ọmọ ṣubú. Ọmọ á dákẹ́ lójijì, á tẹjú mọ́ ibì kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa ṣẹ́ wéréwéré, ẹnu rẹ̀ sì lè máa lọ bíi ti ẹni tó ń jẹ nǹkan. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti kọjá, ọmọ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó lè wáyé ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Bí tíṣà bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kó pe orúkọ ọmọ náà, kó fọwọ́ kàn án léjìká. Ọmọ tó ń mi ara tàbí tó ń ju ọwọ́ sábà máa ń fi hàn pé òun gbọ́ tàbí pé òun mọ̀ ọ́n lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò padà sí ohun tó ń ṣe. Èyí tí wárápá mú kò ní gbọ́ rárá títí yóò fi kọjá. Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn pé oorun ló ń sùn. Ẹ kọ àkókò rẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí òbí mú ọmọ àti ìwé náà lọ sí ọsibítù. Oògùn wà fún un.

Èkejì ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tic. Ojú tàbí èjìká ọmọ á máa já lójijì, tàbí kó máa ha ọ̀fun, kó máa fín imú láìní ọ̀fìnkìn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 4 sí 6. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì lè kúrò lójú kó bọ́ sí èjìká. Àwọn ọmọ tó ti tó sọ ọ́ a máa ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé ara ń yún àwọn kí ó tó wáyé. Wọ́n lè mú un mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò jáde dandan. Bí a bá ń pe àfiyèsí gbogbo kíláàsì sí i, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ohun tó tọ́ kí tíṣà ṣe ni kó ṣe bí ẹni tí kò rí i, kó má sì jẹ́ kí àwọn yòókù fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí a bá yọ méjèèjì yìí sẹ́yìn, oríṣi iṣẹ́ tí àṣetúnṣe ń ṣe fún ọmọ kò ju mélòó kan lọ. Ó lè jẹ́ pé ó ń mú ara rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tí ariwo àti ooru bá pọ̀ jù, tàbí kó máa ta á jí nígbà tí nǹkan bá sú u. Ó lè jẹ́ pé òun ló fi ń bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó le. Ó lè jẹ́ ojú àwọn èèyàn ló ń wá, tàbí ohun kan pàtó tí wọ́n máa ń fún un kó lè dákẹ́. Ó sì lè jẹ́ ìrora: etí tó ń dun ọmọ, eyín tó ń kẹ̀, inú tó ń run ún. Ìṣesí kan náà gan-an, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè máa ṣe fún ọmọ méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè sọ fún tíṣà pé, "Bí ọmọ bá ń gbá tábìlì, ṣe báyìí."

Ọ̀nà tí a fi ń wá iṣẹ́ náà rí kò gbà ju bírò àti ìwé lọ. Kí tíṣà pín ojú ìwé kan sí òpó mẹ́rin. Òpó kìíní fún àkókò. Ìkejì fún ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta fún ohun tí ọmọ ṣe. Ìkẹrin fún ohun tí àwọn èèyàn ṣe lẹ́yìn náà. Kó fi ọjọ́ márùn-ún kọ ọ́ kó tó yí ohunkóhun padà. Ohun tí ojú rí ni kó kọ. "Ó fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹfà" wúlò. "Ìwà rẹ̀ tún ti dé" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

A mọ̀ pé tíṣà tó ní ọmọ 50 sí 60 kò lè máa wo ọmọ kan láti àárọ̀ dọ̀sán. Kó yan ìṣẹ́jú 10 ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́: nígbà ìṣirò tàbí iṣẹ́ mìíràn tó le, nígbà orin tàbí eré, àti nígbà tí wọ́n kàn ń dúró de nǹkan. Bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bá ti pé, kó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó máàkì bóyá ọmọ ń ṣe é lójú ẹsẹ̀ yẹn tàbí kò ṣe é, kó sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí máàkì bá jẹ́ 7 nínú 10 nígbà ìṣirò, tó jẹ́ 1 nígbà orin, iṣẹ́ ló ń sá fún, pàápàá bí òpó kẹrin bá ń sọ pé "wọ́n ní kó jáde" tàbí "a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀." Bó bá pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń dúró lásán, ara ló ń wá nǹkan ṣe. Bó bá máa ń ṣe é nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, kò wá ojú ẹnikẹ́ni. Bó bá ń ṣe é tó sì ń yọjú wo tíṣà, tó sì dúró ní kété tí tíṣà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń wá. Bó bá jẹ́ pé lójijì ló bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, lára ọmọ tí kò ṣe é rí, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, pàápàá bó bá ń gbá orí tàbí etí.

Kì í ṣe gbogbo àṣetúnṣe ló yẹ ká dá dúró, a sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ọ̀gá ilé ìwé létí. Ṣé ó ń ṣe ọmọ náà léṣe? Ṣé ó ń dí i lọ́wọ́ ẹ̀kọ́? Ṣé ó ń dí àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́? Bí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó ju ọwọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú nítorí pé ó gba ìṣirò, ayọ̀ ló ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù ti sọ ọ́ léraléra pé irú ìṣesí bẹ́ẹ̀ ló ń fọkàn àwọn balẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n ń fi tipátipá dá a dúró lára àwọn, gbogbo agbára tó yẹ kí àwọn fi gbọ́ ẹ̀kọ́ ni àwọn ń fi kó ara àwọn níjàánu. A gbà wọ́n gbọ́. Pé ojú lè ti ilé ìwé bí àlejò bá dé kì í ṣe ìdí tó tó.

Bó bá wá jẹ́ èyí tó yẹ ká dín kù, kíláàsì fúnra rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má fi ọmọ náà sábẹ́ fáànù, nítorí yíyí rẹ̀ lè gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, tàbí sí àárín ibi tí àwọn ẹlòmíràn á ti máa fara gbún un lọ́tùn-ún lósì. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú ọmọ kan tó nífẹ̀ẹ́ sùúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló dára jù. Bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù, ẹ jẹ́ kó di etí, kí ẹ sì dá ìwé pípè dúró ná.

Ohun tó tún ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kí nǹkan yí padà láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù sí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ya àwòrán sí i: ìwé kíkà, ìṣirò, oúnjẹ, eré, orin, ilé. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti òkè wá sílẹ̀ bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe tẹ̀ léra. Bí ọ̀kan bá parí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣí i kúrò. Bó bá ku ìṣẹ́jú 5 kí ẹ yí iṣẹ́ padà, ẹ sọ fún un. Bó bá ku 1, ẹ tún sọ. Bí ẹ kò bá ní lè ṣe eré lónìí, ẹ yọ àwòrán eré lójú rẹ̀ ní àárọ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí àkókò eré tó. Tíṣà tó bá ṣe èyí nìkan yóò rí i pé ìbéèrè àtúnbèèrè bíi "Ṣé mọ́mì ń bọ̀?" yóò dín kù. Ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ máa nawọ́ sí àwòrán ilé. Bí ẹ bá ń dáhùn ní gbogbo ìgbà, ìbéèrè náà á di eré. Bí ẹ kò bá sì dáhùn rárá, ẹ̀rù tó mú un bèèrè ṣì wà níbẹ̀.

Sísáré ń ṣèrànwọ́. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú ẹ̀kọ́ tó gba ìjókòó, kí ọmọ sáré débi tí yóò máa mí hẹlẹ. Ìwádìí ti fi hàn láti bíi ogójì ọdún sẹ́yìn pé ó ń dín àṣetúnṣe kù fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé ká kàn máa ju bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ kò sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń sá fún, ẹ dín iṣẹ́ náà kù. Dípò ìṣirò 10 lójú ìwé kan, ẹ fún un ní 3, kí 2 àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà bèèrè fún ìsinmi. Ẹ ya àwòrán ọmọ tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí káàdì kan, kó wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ ti fẹ́ máa yí, kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ gbé káàdì náà fún yín, ẹ sọ pé, "O fẹ́ sinmi," kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú 2 lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iye ìgbà tó bá gbé e ni kí ẹ fún un, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ibí ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù, wọ́n á kọ̀. Ọmọ á padà sí gbígbá tábìlì, wọ́n á sì gbé e jáde. Ohun tí ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé káàdì kì í ṣiṣẹ́, gbígbá tábìlì ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá ti mọ̀ ọ́n lò dáadáa ni kí ẹ máa sọ pé, "Ṣe ọ̀kan sí i, kí o sì sinmi," lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ara ló ń wá ohun kan, ohun tí a ó fi rọ́pò gbọ́dọ̀ fún ara ní irú ohun kan náà. Ọmọ tó ń jẹ kọ́là ẹ̀wù ń wá ohun tí eyín lè rún: ẹ so aṣọ òwú tó nípọn, tó mọ́, mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ìyá rẹ̀ sì fi ohun tó le, bí àgbọn, sínú oúnjẹ ọ̀sán. Bó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀kì ló ń jẹ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń bá a rìn. Ọmọ tó ń mi ara lè máa dúró kọ̀wé nídìí tábìlì gíga kan lẹ́yìn kíláàsì, kó sì jẹ́ òun ni ẹ ó máa rán pé kó lọ nu pátákó tàbí kó gbé àga. Èyí tó ń ju ìka níwájú ojú ara rẹ̀, ẹ rán àpò kékeré tó kún ọwọ́, ẹ rọ ìrẹsì sínú rẹ̀, ẹ rán ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi bàlúùnù ṣe àpò náà, ó lè há ọmọ lọ́fun bó bá já. Ní ti aṣọ oníwúwo tí àwọn kan ń tà ní owó gọbọi fún òbí, àwọn ìwádìí kò tì í lẹ́yìn.

Fún ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń tún ìró tàbí ọ̀rọ̀ kan pè tí kò bá ohun tí à ń ṣe mu, ìlànà kan wà tí William Ahearn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tó rọrùn: "Kí lorúkọ rẹ? Kí nìyí? Àwọ̀ wo ni?" Bó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi ìró náà sí i, ẹ yìn ín, kí ẹ padà sí iṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gba kí ẹnì kan wà nítòsí ní gbogbo ìgbà. Bí kíláàsì kò bá ní olùrànlọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì pe gbogbo àtúnsọ ní ariwo. Ọmọ tó wá bá yín tó ní, "Ṣé o fẹ́ mu omi?" lè jẹ́ pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ohun tí ó máa ń gbọ́ kí wọ́n tó fún un lómi ló ń tún sọ. Ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, "Mo fẹ́ mu omi," kí ẹ sì bu omi fún un.

Ọmọ tó ń gbá orí mọ́ ògiri, ẹ fi ìrọ̀rí tàbí ọwọ́ sáàárín láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má dè é. Ẹ kàn sí òbí lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà wo etí, eyín àti inú rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ àwọn ọmọdé wà lábẹ́ ọsibítù ọpọlọ Aró l'Ábẹ́òkúta, ti Yábàá l'Ékòó, àti ọsibítù UCH n'Ìbàdàn. Àdúrà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti lọ síbẹ̀. Ààwẹ̀ tí wọ́n ń fi ipá gbà fún ọmọ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni kí òbí sá fún.

Nígbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró láti máa fún ọmọ ní ohun tó ń fi àṣetúnṣe gbà, ó lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ díẹ̀. Ó lè pariwo ju ti tẹ́lẹ̀, ó lè gbá tábìlì ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá juwọ́ sílẹ̀ ní àkókò yẹn ti kọ́ ọmọ pé kó máa ṣe é kíkankíkan ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo àgbàlagbà tó wà láyìíká ọmọ, títí kan ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé, ti fẹnu kò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún máàkì bí ẹ ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí 7 bá di 4, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣì iṣẹ́ tó ń ṣe mọ̀. Ẹ padà sí òpó mẹ́rin.

Ní ti ẹgba: bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ló ń mú ọmọ mi ara, ẹgba ń fi ìbẹ̀rù kún ìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ ojú tíṣà ló ń wá, ó ti rí i. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń sá fún, tí ẹ nà án tí ẹ lé e síta, ó ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Kò sí ibi tí ẹgba ti bá ìdí ọ̀rọ̀ wí. Lílé ọmọ lọ sílé pẹ̀lú, òfin kò gbà á mọ́: òfin àpapọ̀ tó ka fífi ìyà jẹ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ìwé gírámà.

Federal College of Education (Special) tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé lọ kọ́ kíláàsì tí iṣẹ́ wọn kò kàn. À ń bẹ àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi ẹnì kan péré, ó kéré tán, sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa lọ láti ilé ìwé kan sí òmíràn láti bá àwọn tíṣà ka ìwé olópò mẹ́rin yẹn. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, à ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tẹ ìwé náà sí ojú ewé kan ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé bá wọlé, kí orí òpó kọ̀ọ̀kan hàn ketekete, kí ìlà 20 wà lábẹ́ rẹ̀, kí tíṣà tí kò ní owó fọ́tòkọ́pì lè gé e lò.

Àwa olùkọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà,
Ìlú Ọ̀yọ́.